TA NI Ó Ń WA MỌ́TÒ NÁÀ? KÍ WỌ́N BI WÁ KÍ WỌ́N TÓ GBOWÓ, KÌ Í ṢE LẸ́YÌN ÌJÀǸBÁ

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó oṣù, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó oṣù wa. Ọ̀rọ̀ ìnṣọ́ránsì mọ́tò ni. Àwọn kọ́ńpìnnì kan wà tí wọ́n ń gbowó lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún, tí wọn kì í bi í léèrè ẹni tó ń wa mọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ tí mọ́tò bá forí sọ igi ni wọ́n tó rántí béèrè. Bí ìdáhùn bá jẹ́ "àbúrò mi ni" tàbí "ìyàwó mi ni", wọ́n á ní orúkọ onítọ̀hún kò sí nínú ìwé, wọ́n á sì fagi lé ìnṣọ́ránsì náà. Àwa ń sọ ọ́ ní gbangba pé ìyẹn kò tọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ẹni tó ń wa mọ́tò, kí ó béèrè kí ó tó nawọ́ gbowó.

BÍ WỌ́N ṢE Ń ṢE É

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe máa ń lọ. Òṣìṣẹ́ kan fi owó àjọ àti owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ra mọ́tò tòkúnbọ̀. Ejẹ́ǹtì wá bá a níbi iṣẹ́, ó ní kí ó má ra third party nìkan, kí ó ra comprehensive, èyí tí yóò tún mọ́tò tirẹ̀ náà ṣe bí ó bá bàjẹ́. Ejẹ́ǹtì ni ó mú bírò, ejẹ́ǹtì ni ó kọ fọ́ọ̀mù. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè pé ta ni yóò máa wa mọ́tò, ó kọ orúkọ olówó nìkan, ó ní: "Bàbá, ẹ fọwọ́ síbí." Bàbá fọwọ́ sí i. Wọ́n gbowó, wọ́n já rìsíìtì, ejẹ́ǹtì bá tirẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n mọ́tò kì í sùn nítorí pé olówó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ṣíífù òru. Àbúrò rẹ̀ tó ní láìsẹ́ǹsì a máa fi gbé ìyá wọn lọ sí ọsibítù ní Òṣogbo. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi kó ẹrù lọ sí ọjà. Ó di ọjọ́ kan, tírélà kan ń já bọ̀ lójú ọ̀nà Ìkìrun sí Òkukù, àbúrò yà fún un, mọ́tò wọ kòtò, iwájú rẹ̀ rún wómúwómú. Ọlọ́run yọ wọ́n. Wọ́n kọ̀wé sí kọ́ńpìnnì. Kọ́ńpìnnì rán ẹni tó wá ya fọ́tò. Kò béèrè bóyá tírélà sáré jù, kò béèrè bóyá títì ti bàjẹ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: "Ta ni ó wà á?" Nígbà tó yá, lẹ́tà dé lédè Gẹ̀ẹ́sì pé wọ́n ti fagi lé ìnṣọ́ránsì náà láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé oníbàárà fi ohun tó ṣe pàtàkì pamọ́ fún wọn.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dáadáa: "láti ìbẹ̀rẹ̀". Bí kò bá sí àdéhùn láti ìbẹ̀rẹ̀, owó tí wọ́n ti ń gbà láti ìbẹ̀rẹ̀, owó kí ni? Ẹni tó ní òun kò bá ọ dọ́wọ̀ọ́ pọ̀ rí, tó sì di owó rẹ mọ́wọ́, orúkọ wo ni à ń pè é ní ìlú wa?

Kì í sì í ṣe owó kékeré. Àjọ NAICOM, tí í ṣe àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì, gbé owó third party ti mọ́tò ilé kúrò ní ₦5,000 lọ sí ₦15,000 láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2023. Àjọ náà sì ní comprehensive kò gbọ́dọ̀ dín ní náírà 5 lórí 100 nínú iye tí mọ́tò tó. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Mọ́tò mílíọ̀nù mẹ́ta náírà yóò gba ₦150,000 lọ́dún kan. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin fọwọ́ sí ní ọdún 2024 jẹ́ ₦70,000. Òṣìṣẹ́ tó ń gba iye yẹn yóò fi owó iṣẹ́ oṣù méjì ó lé díẹ̀ ra ìwé kan, kí wọ́n tó wá sọ fún un lọ́jọ́ tó nílò rẹ̀ pé ìwé náà kò sí.

AGBO ILÉ WA KỌ́ NI FỌ́Ọ̀MÙ YẸN Ń WÒ

Ẹni tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn, ilé tí bàbá, ìyá àti ọmọ méjì ń gbé ló ń rò. Agbo ilé tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, àbúrò wà níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n wà níbẹ̀, ọmọ ẹbí tó wá kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀, àna tó wá kí wa tó sì lo oṣù mẹ́ta wà níbẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà lórí ìṣó lára ògiri. Bí aboyún bá ń rọbí lóru, ẹni tó bá wà nílé tó sì mọ mọ́tò wà ni yóò gbé e. Ta ni yóò sọ fún un pé kí ó rọra ṣe sùúrù de ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé?

Àwọn baba wa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kọ́ńpìnnì tó bá fẹ́ ta ìnṣọ́ránsì ní agbègbè wa, ilé wa ni kí ó wò kí ó tó kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní Amẹ́ríkà sọ pé níbẹ̀, kọ́ńpìnnì a máa béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó ti tó wa mọ́tò nínú ilé, ìbáà wà á, ìbáà má wà á. Bí kọ́ńpìnnì kò bá fẹ́ ẹnì kan nínú wọn, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ẹni báyìí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan mọ́tò náà. Ìyẹn le, ó sì ń dun ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ ọ́ sójú ìwé ṣáájú. Tiwa ni wọn kì í sọ títí mọ́tò yóò fi wọ kòtò.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Ìwé ìnṣọ́ránsì kì í rí bákan náà. Nínú òmíràn, wọ́n kọ ọ́ pé olówó mọ́tò àti ẹnikẹ́ni tó bá fún láyè lè wà á, bí onítọ̀hún bá ti ní láìsẹ́ǹsì. Nínú òmíràn, àwọn tí a dárúkọ nìkan ni. Ìlà kan tàbí méjì péré lójú ìwé ẹ̀rí ló sọ èyí, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré bí ẹyin èèrà. Orí ìlà yẹn ni mọ́tò òṣìṣẹ́ dúró lé.

OHUN TÍ ÒFIN SỌ

Bí a bá ráhùn, wọ́n á ní òfin ni, pé òfin ìnṣọ́ránsì ní kí oníbàárà sọ gbogbo òtítọ́ tó mọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí òfin náà ti ṣẹ̀. Ní ọdún 1766, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Adájọ́ Mansfield dá ẹjọ́ Carter àti Boehm. Carter ni gómìnà ilé ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ní erékùṣù Sumatra. Ó ra ìnṣọ́ránsì nítorí ọ̀tá, àwọn Faransé sì gba ibẹ̀ lóòótọ́. Boehm tó ta ìnṣọ́ránsì fún un ní òun kò sanwó, pé Carter kò sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún òun. Nínú ẹjọ́ yìí ni adájọ́ ti là á sílẹ̀ pé ẹni méjèèjì, olùrà àti olùtà, gbọ́dọ̀ bá ara wọn lò pẹ̀lú òtítọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó jàre? Carter ni, ẹni tó ra ìnṣọ́ránsì! Adájọ́ ní ohun tí olùtà lè mọ̀ fúnra rẹ̀, tí kò béèrè, kò lè wá fi í ṣe àwáwí lẹ́yìn ìgbà tó ti gbowó. Ẹjọ́ tí àwọn kọ́ńpìnnì ń fi dẹ́rù bà wá láti ọjọ́ yìí wá, àwa ni ó yẹ kí ó máa gbè.

Òfin tiwa náà ti sọ ohun tó jọ ọ́. Òfin Ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà ti ọdún 2003, ní apá 54, sọ pé bí kọ́ńpìnnì bá ní kí oníbàárà kọ fọ́ọ̀mù, fọ́ọ̀mù náà gbọ́dọ̀ béèrè gbogbo ohun tí kọ́ńpìnnì kà sí pàtàkì. Ohun tí wọn kò bá béèrè ní tààrà, a ó kà á sí ohun tí kò ṣe pàtàkì. Ó yé wa kedere: bí o kò bá béèrè, o kò lè bínú.

Apá 54 yẹn kan náà ní idà kejì, àwa òṣìṣẹ́ ni ó sì ń gé. Ó ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí ojú ìwé àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù pé ejẹ́ǹtì tó bá bá oníbàárà kọ fọ́ọ̀mù, iṣẹ́ oníbàárà ló ń ṣe, kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì. Ìyẹn ni pé bí ejẹ́ǹtì bá kọ irọ́, ìwọ ni o kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní ọdún 1929, àwọn ẹlẹ́bọ́ọ̀sì kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń jẹ́ Newsholme sọ òtítọ́ fún ejẹ́ǹtì, ejẹ́ǹtì kọ ohun mìíràn sínú fọ́ọ̀mù, wọ́n sì fọwọ́ sí i. Ilé ẹjọ́ ní kọ́ńpìnnì jàre. Kọ́ńpìnnì ni ó rán ejẹ́ǹtì jáde, kọ́ńpìnnì ni ó ń fún un ní kọmíṣọ̀n, ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá dé, ọmọ wa ni. Irú ọmọ wo nìyí?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi òfin náà lé wa lọ́wọ́ ti tún tirẹ̀ ṣe. Ní ọdún 2012 wọ́n ṣe òfin tuntun fún àwọn ará ilé tó ń ra ìnṣọ́ránsì. Ojúṣe kọ́ńpìnnì ni láti béèrè ohun tó fẹ́ mọ̀. Ojúṣe oníbàárà ni láti fara balẹ̀ dáhùn láìpurọ́. Bí oníbàárà bá mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, ó ti pàdánù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ àìfarabalẹ̀ ni, tó sì jẹ́ pé owó díẹ̀ sí i ni kọ́ńpìnnì ìbá gbà ká ní ó mọ̀, kò gbọ́dọ̀ fagi lé gbogbo rẹ̀. Yóò wo iye tó gbà àti iye tó yẹ kí ó gbà. Ẹni tó san ₦75 níbi tó yẹ kí ó san ₦100, yóò gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó àtúnṣe. Ìyẹn ni à ń pè ní ìdájọ́. Èyí tí wọ́n ń ṣe fún wa níhìn-ín, ìjẹ gbogbo ni.

Ní ọdún 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin àtúnṣe iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì tí wọ́n ń pè ní NIIRA 2025, èyí tó rọ́pò òfin 2003. Ọdún 2025 yẹn náà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì, ni ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ sí í dá mọ́tò dúró káàkiri Nàìjíríà láti wo ìwé third party. Bí ìjọba bá ń fi ọlọ́pàá lé wa kí a lè ra ìnṣọ́ránsì, ìjọba kan náà gbọ́dọ̀ dúró ti ẹni tó rà á. A kò lè fi òfin mú wa sanwó, kí àwọn kan sì fi ọgbọ́n yọ wá nínú ohun tí a sanwó fún.

ÈSÌ WA FÚN ÀWỌN TÓ NÍ ÒṢÌṢẸ́ Ń PURỌ́

Wọ́n á ní àwa náà ní àléébù. Wọ́n á ní ẹlòmíràn a ra ìwé mọ́tò ilé, a sì máa fi mọ́tò náà ṣe kábúkábú ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ní bàbá a fi orúkọ ara rẹ̀ ra ìnṣọ́ránsì mọ́tò tó jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ nìkan ní í wà á. Àwọn ọmọ wa ní London mọ̀ pé jìbìtì ni wọ́n ń pe èyí lọ́hùn-ún. Wọ́n á ní ẹlòmíràn a fi kọ́kọ́rọ́ lé ọmọ tí kò ní láìsẹ́ǹsì lọ́wọ́.

Ẹgbẹ́ wa kò ní gbèjà irú ìwà bẹ́ẹ̀, a sì ń sọ ọ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ gbọ́. Ọmọ tí kò ní láìsẹ́ǹsì kò ní iṣẹ́ kankan lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹni tó bá ń kérò, kí ó ra ìwé akérò. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Àgbẹ̀ tí mọ́tò gbá lẹ́bàá ọ̀nà kò mọ̀ nípa irọ́ tí a pa nínú fọ́ọ̀mù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kán.

Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ yàtọ̀ sí ẹni tí a kò bi léèrè. Ìyàwó tó ní láìsẹ́ǹsì láti ọdún mẹ́wàá kì í ṣe olè. Àbúrò tó gbé ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù kì í ṣe oníjìbìtì. Kí kọ́ńpìnnì má kó àgàn mọ́ ọlọ́mọ, kí wọ́n sì má fi ẹ̀ṣẹ̀ àwọn díẹ̀ jẹ owó gbogbo wa.

MỌ́TÒ ILÉ IṢẸ́ ŃKỌ́?

Ẹ̀yin tí ẹ kò ní mọ́tò tiyín, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ẹ wo bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ àti lọ́rì ilé iṣẹ́. Dírẹ́bà ń ṣàìsàn, máníjà sì ń kánjú, ó pe ọmọ ọkọ̀ tàbí ẹni tó ń kó ẹrù, ó ní: "Ìwọ, ṣebí o mọ̀ ọ́n wà? Gbé e." Bí ó bá kọ̀, wọ́n á ní aláìgbọràn ni. Bí ó bá gbé e, tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀, kọ́ńpìnnì ìnṣọ́ránsì á ní ẹni yìí kì í ṣe awakọ̀ tí a fọwọ́ sí. Máníjà á ní òun kò rán an. Àwọn méjèèjì á wá dojú kọ òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹni tí kò ní ju aṣọ iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ lọ.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́: ẹ má ṣe wa mọ́tò ilé iṣẹ́ láìsí ìwé àṣẹ. Ọ̀rọ̀ ẹnu máníjà kì í ṣe ìwé àṣẹ. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ipá mú yín, ẹ pe aṣojú ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín lójú ẹsẹ̀.

OHUN TÍ A Ń BÉÈRÈ

Lọ́wọ́ àwọn kọ́ńpìnnì àti àjọ NAICOM, a ń béèrè nǹkan mẹ́rin:

1. Kí fọ́ọ̀mù wà ní èdè Yorùbá, kí ìbéèrè nípa àwọn tó ń wa mọ́tò wà lójú ìwé àkọ́kọ́, kí àyè tó pọ̀ tó agbo ilé sì wà níbẹ̀.

2. Bí wọn kò bá fẹ́ kí ẹnì kan wa mọ́tò, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ fún olówó mọ́tò kí wọ́n tó gbowó.

3. Bí oníbàárà bá gbàgbé orúkọ kan láìsí ẹ̀tàn, kí wọ́n gba owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n dín díẹ̀ kù nínú èyí tí wọ́n fẹ́ san. Wọn kò gbọ́dọ̀ fagi lé gbogbo rẹ̀.

4. Kọ́ńpìnnì tó bá fagi lé ìwé "láti ìbẹ̀rẹ̀" fún ẹni tí kò purọ́, kí ó dá gbogbo owó padà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́, a ń béèrè pé kí wọ́n lẹ ẹ̀dà ìwé ìnṣọ́ránsì mọ́tò kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ògiri gáréèjì, pẹ̀lú orúkọ àwọn tó láṣẹ láti wà á, kí gbogbo ojú lè rí i.

Lọ́wọ́ ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa, a ń béèrè pé kí wọ́n wá ẹ̀dà NIIRA 2025, kí lọ́yà ẹgbẹ́ sì wá túmọ̀ rẹ̀ fún wa lédè abínibí wa ní ìpàdé gbogboogbò.

OHUN TÍ ÌWỌ GBỌ́DỌ̀ ṢE

Má ṣe fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tí o kò kà. Bí o kò bá lè kà á, mú un wá fún aṣojú ẹgbẹ́. Kọ orúkọ gbogbo ẹni tó lè wa mọ́tò náà, ìyàwó, àbúrò, ọmọ, bí owó yóò tilẹ̀ fi díẹ̀ gòkè. Gba ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà lọ́wọ́ ejẹ́ǹtì kí ó tó kúrò níwájú rẹ. Bí ẹni tuntun bá dé sínú ilé tí yóò máa wà á, kọ lẹ́tà sí kọ́ńpìnnì, kí o sì fi ẹ̀dà rẹ̀ pamọ́. Wo ìwé ẹ̀rí rẹ láti mọ̀ bóyá gbogbo ẹni tó ní àṣẹ rẹ lè wà á, tàbí àwọn tí a dárúkọ nìkan. Fi fóònù wo àkọsílẹ̀ NIID bóyá ìwé rẹ wà níbẹ̀, nítorí ìwé páńdá pọ̀ nígboro. Bí lẹ́tà ìfagilé bá sì dé, má sunkún sínú yàrá. Mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́, kí a jọ kọ ẹ̀sùn sí NAICOM.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Òṣìṣẹ́ kan kò lè bá kọ́ńpìnnì jà, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi wá lẹ́yìn ìjàǹbá, ẹ jẹ́ kí a fi ipá mú wọn béèrè rẹ̀ níwájú, lójú gbogbo wa, ní èdè tó yé wa.

Ìṣọ̀kan òṣìṣẹ́ ni agbára òṣìṣẹ́!